Orúkọ Ẹlòmíràn Ni Mo Kọ Sára Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Mi

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé kíndìnrín rẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́, tí o jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí o ò mọ ẹni tí wàá kọ́kọ́ pè, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Mi ò ní tàn ọ́. Ẹ̀rù á bà ọ́, ó sì yẹ kó bà ọ́. Ọdún méje ni mo fi kọ́ nípa ara ọmọ èèyàn. Mo mọ ibi tí kíndìnrín wà, mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mo sì ti gba máàkì tó dáa lórí rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba tèmi jẹ́, mo tún wá parọ́ lé e lórí. Ka ìwé yìí tán kí o tó gba ohunkóhun mu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àlímọ̀tù ni orúkọ mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá sí Abidjan. Koumassi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà la ṣì ń gbé. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Treichville, ẹ̀gbọ́n mi Ràímì ló sì ń bá wọn tà á. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Nínú gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ìlà àwọn alábọ́, èmi nìkan ni mò ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ẹni tó bá wá ra abọ́ kan ṣoṣo yóò gbọ́ nípa ẹ̀wù funfun mi kó tó gba ṣéńjì.

Ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ wa ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ la ti ń wà ní wọ́ọ̀dù, a tún ń ṣe iṣẹ́ àṣemọ́jú tí a ń pè ní garde, ìdánwò ńlá tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa tẹ̀síwájú sì wà níwájú wa. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Mo máa ń gbàgbé orúkọ aláìsàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán, mo sì máa ń wọ ilé ìgbẹ́ lọ sunkún, màá fọ ojú, màá jáde. Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo wa la rí bẹ́ẹ̀, a kàn ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣíwájú wa ló mú ìyẹ̀fun kan wá. Inú agolo kékeré ló wà, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, ó sì ń ta sánsán bí ọsàn tó ti gbẹ. Wọ́n ní èso oríṣiríṣi ni wọ́n sá gbẹ tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Ara agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń lé àárẹ̀ ara àti ti ọkàn lọ, pé ó ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀. Àwa tí a ti ka ìwé tó ga tó ènìyàn, a ka ìwé ara agolo yẹn, a sì gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tó béèrè pé èso mélòó ló wọ inú ṣíbí kan. Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé èso ni, èso kì í pa èèyàn.

Ṣíbí kan lójúmọ́ ni wọ́n kọ. Mò ń mu méjì. Ọjọ́ tí mo bá ní garde, mẹ́rin ni. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: a kì í mu omi. Ẹni tó bá mu omi yóò tọ̀, ẹni tó bá lọ tọ̀, wọ́n á pè é, kò ní sí níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ìwọ̀nba omi tí kò kún ife kọfí ni mo fi ń po ìyẹ̀fun náà, á ki bí ẹ̀kọ, màá gbé e mì. Mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì dé ilé ìtọ̀. Mo máa ń fi èyí yangàn. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Mo gbé agolo kan wálé. Màmá ní kí lèyí, mo ní àgúnmu òyìnbó ni, èso ni, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára nínú ilé wa, àgúnmu. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Kò pẹ́, wọ́n ní kí n gbé agolo sí i wá, wọ́n ń pín in fún àwọn ìyá alábọ́ ẹgbẹ́ wọn: "Ọmọ mi dókítà ló ní ká máa mu ún." Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀kọ́ mi tó wúlò fún Màmá bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ yí padà. Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń pọ́n ṣíbí irin lá. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ ń rí mi lára. Attiéké àti ẹja díndín tí mo lè jẹ lójoojúmọ́, òórùn rẹ̀ nìkan á lé mi jáde. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bàtà mi ò gba ẹsẹ̀ mi mọ́ tó bá di ọ̀sán, mo sì ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Ẹ ò rí i bí orí ọmọ dókítà ti pé tó? Ìtọ̀ mi kéré, ó sì dúdú, mo ní àwọ̀ àgúnmu ni. Gbogbo àmì tó yọ, orúkọ kan náà ni mo fún un: àárẹ̀, wàhálà, ìdánwò. Bí àmì kan bá sì ti yọ, mo máa ń fi ṣíbí kan kún un. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, èmi fi ètè sílẹ̀, mo tún ń bọ́ ọ. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, mo ń mu ìyẹ̀fun náà ní sààrì, ó ń dúró fún oúnjẹ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Awa, ọmọ Niangon, wọ́ọ̀dù kan náà la jọ wà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bá mi níbi tí mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ egungun ojúgun mi, ó gbé ọwọ́ kúrò, ibi tó tẹ̀ sì jìn wọlé, kò kún padà. Ó ní, "Depuis quand?" Mo ní mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ìyẹn, pé a máa gba ẹ̀jẹ̀ mi lónìí.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí nìyí. Nínú wa, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba káàdì ilé ìwòsàn fún ara rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gá bá gbọ́ pé ara rẹ ò yá, wọ́n á ní iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún ọ. Ó tún ku títò sórí ìlà láti àárọ̀ kùtù pẹ̀lú àwọn aláìsàn, àwa sì ti rò pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gba ẹ̀jẹ̀ ara wa nínú yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, a ó kọ orúkọ aláìsàn wa kan sára ìgò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí èsì bá dé ní àárọ̀, a ó yọ tiwa kúrò kí àwọn ọ̀gá tó dé. Gbogbo wa ló ń ṣe é. Èmi alára ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́ta bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí nǹkan kan tó tìdí rẹ̀ yọ.

Orúkọ bàbá tó wà lórí ibùsùn kẹfà ni a kọ. Bàbá Kouassi, àgbàlagbà tí àyà ń dùn, ara wọn ti ń yá, wọ́n ti fẹ́ máa lọ sílé. Awa ló gba ẹ̀jẹ̀ náà, èmi ni mo mú bíírò tí mo kọ orúkọ. Mo kọ ọ́ dáadáa, kí wọ́n má baà dá a padà.

A ti jọ sọ ọ́ pé Awa ni yóò tètè dé láàárọ̀ láti yọ ìwé náà. Òjò ńlá rọ̀, omi gba ojú ọ̀nà láti Niangon, kò tètè dé. Èmi náà kò lè sáré mọ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí mo fi gun àtẹ̀gùn dé òkè, ọ̀gá wa ti wọlé, ìbẹ̀wò àárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti fi gbogbo èsì sínú fáìlì. Èmi ni mo máa ń sọ bí àwọn aláìsàn ìlà yẹn ṣe sùn, ṣe jí. A dé ibùsùn kẹfà. Mo ní bàbá ń gbádùn, wọ́n jẹun lánàá, ara wọn ò gbóná. Mo ṣí fáìlì, ìwé náà sì wà lókè pátápátá.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo rí, èyí tó ń sọ bí kíndìnrín ti ń ṣiṣẹ́ sí. Mo fẹ́ pa fáìlì náà dé. Ọ̀gá na ọwọ́, wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n wá sọ fún gbogbo wa pé kíndìnrín bàbá yìí ti fẹ́ẹ̀ kú tán, pé kí a dá àwọn oògùn kan dúró, kí a pe àwọn tó ni ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wá ki rọ́bà sí bàbá lọ́rùn lónìí yìí. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí bóyá bàbá tọ̀ lánàá. Mo ní wọ́n tọ̀. Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Mo ní mi ò mọ̀.

Adjoua, ọmọ bàbá náà, tó ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti ọjọ́ yìí wá, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe abúlé wọn lórí fóònù. Èmi ò gbọ́ èdè Baoulé, ṣùgbọ́n ẹkún ò nílò ògbufọ̀. Mo dúró nínú wọ́ọ̀dù, mo ń to abẹ́rẹ́ sínú àwo.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi lásìkò yẹn, nítorí bóyá ó wà lọ́kàn tìrẹ náà. Mi ò kọ́kọ́ ronú nípa ìdánwò. Mo ń ronú pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá ṣì ń jẹ́ ti ibùsùn kẹfà, kò tíì jẹ́ tèmi. Bí mo bá ti lanu báyìí, tèmi ni. Mo dákẹ́ láti ìbẹ̀wò àárọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Mo gbé ikú mi lé bàbá olóbàbá lórí, mo sì ń wò wọ́n.

Awa dé, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òjò. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ká tún ẹ̀jẹ̀ bàbá gbà kíá, tiwọn gan-an, èsì yẹn á dára, àwọn ọ̀gá á ní yàrá àyẹ̀wò ló ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ á tán. "Ça va passer," ó ní, yóò kọjá lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ bí abẹ́rẹ́ lèèyàn ń ṣe èké, ọjọ́ tó bá tó ọkọ́ ló ń pani. Kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn tó máa ki rọ́bà ti dé, wọ́n ti tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sí ọrùn bàbá. Bàbá na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n rọra béèrè ní Faransé pé, "Ma fille, ọmọ mi, ṣé ó máa dùn mí?"

Mo ní, "Ẹ dúró. Ẹ̀jẹ̀ mi ni."

Kò sí ẹni tó yé. Mo tún un sọ. Mo ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ bàbá, ẹ̀jẹ̀ mi ni, èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Wọ́n lọ pe ọ̀gá. Mo rò pé ọ̀gá á pariwo mọ́ mi, ì bá sì sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo. Wọ́n wo ojú mi tó wú, wọ́n wo bàtà mi. Wọ́n ní, "Bọ́ ẹ̀wù yẹn. Jókòó." Mo bọ́ ọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ ojúgun mi bí Awa ti ṣe, wọ́n ní kí ni mò ń mu. Mo sọ fún wọn. Wọ́n bi mí pé àwa mélòó là ń mu ún.

Ọjọ́ yẹn ni mo gba káàdì ilé ìwòsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún méje. Mo gbé e dání, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò tó nǹkan, àwọn tó ní àyè ti ní àyè. Ìyá kan tó jókòó tì mí ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ẹnì kan ò bá wá, wọ́n á pe ẹni tó kàn. Mo bi í pé kí ló máa ń mú kí èèyàn má wá. Ó wò mí, ó gbójú kúrò, ó ní kí n jẹ búrẹ́dì díẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀. Mò ń bì. Èémí mi ń kúrú, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí ẹnì kan má wá. Mo mọ ohun tí mò ń gbàdúrà fún, mo sì gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe orúkọ mi. Mi ò béèrè ẹni tó ni àyè náà tẹ́lẹ̀, tàbí ohun tí kò jẹ́ kó wá.

Kí o má bẹ̀rù ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ó tutù, ó ń kùn, èèyàn á máa wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú rọ́bà. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, mo sùn bí ọmọ tuntun. Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù ni ilé.

Ní ilé wa, gbogbo èèyàn ló ní oògùn. Ẹ̀gbọ́n Ràímì fẹ́ gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní àbúrò bàbá wa kan mọ ewé tó ń jí kíndìnrín. Àǹtí kan ń pè láti Biétry ní àràárọ̀ láti sọ irú èso tó yẹ kí n máa fún mu. Ẹnì kan gbé ìgò kan wá láti Adjamé, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀: èmi tí wọ́n ń pè ní dókítà kò lè sọ fún wọn ohun tó ṣe mí. Ojú ń tì mí. Mo kàn sọ fún Màmá pé ó rẹ kíndìnrín mi, pé yóò sinmi, yóò jí. Mi ò dárúkọ àgúnmu. Mo ń ronú nípa àwọn ìyá alábọ́ tí wọ́n ń bù ú fún, mo sì ní nígbà tí ara mi bá yá, màá sọ ọ́.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ìtọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn dókítà ní kíndìnrín ti ń jí. Inú mi dùn débi tí mo sunkún sórí ife ìtọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dúró. Ẹsẹ̀ wú padà. Ọ̀gá wa gòkè wá wò mí, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń mu. Mo fi Kùránì búra pé kò sí. Wọ́n ní kí n yọ ahọ́n. Mo yọ ọ́. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì kó wá wo àwọ̀ elésè àlùkò tó wà lára rẹ̀.

Fíláàsì Màmá wà lórí tábìlì. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé omi ìṣápá tútù wá fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní bissap níbí. Ohun tí mo rò pé mò ń mu nìyẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ díẹ̀. Mo ṣí fíláàsì, mo gbé e sún mọ́ imú. Ó ń ta sánsán bí ọsàn tó ti gbẹ.

Màmá wà lẹ́bàá ibùsùn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n pò mọ́ ọn. Wọn ò tiẹ̀ fi pamọ́. Wọ́n ní, "Àgúnmu wa ni. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀rọ yẹn ń fọ ọ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, mo ní kí n máa bá ọ fọ ọ́ ní àwọn ọjọ́ tó kù."

Mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní, "Màmá, òun ló pa kíndìnrín mi." Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Wọ́n ń wo fíláàsì, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ní Faransé tí wọn kì í fẹ́ sọ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, bóyá ọwọ́ àwọn ni kíndìnrín náà gbà kú. Ọ̀gá ní rárá, wọ́n ní kò tíì kú. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kò bàjẹ́ sí i. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn pẹ́ tó láti mọ bí dókítà ti ń yan ọ̀rọ̀.

Ohun tí Màmá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n Ràímì ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Màmá wọ ọkọ̀ wôrô-wôrô láti ilé ìwòsàn lọ tààrà sí Treichville. Wọn ò dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n mú báàgì kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ìlà, wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ alábọ́ kan sí òmíràn, wọ́n ń gba agolo padà. Ní ọ̀dọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́ jáde pé, "Ọmọ mi dókítà ló ṣì í. Ẹ gbà mí, ẹ má mu ún mọ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun ti mọ̀ pé ẹnu Ìyá Àlímọ̀ ti pọ̀ jù. Màmá dúró, wọ́n gba agolo ti ìyẹn náà. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n ní omi kòtò náà yí padà lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, Màmá ò tíì dárúkọ ẹ̀wù funfun fún oníbàárà kankan. Wọ́n yẹ Màmá wò, a dúpẹ́, ara wọn mókun. Ó ṣe tán, àwọn ń mu omi.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ọjọ́ ìṣẹ́gun àti ọjọ́ àbámẹ́ta ni mo ń lọ síbi ẹ̀rọ. Wọ́n ń wọn omi fún mi. Èmi tí mo kọ omi nígbà tí ó wà, mo ń pọ́n ègé omi dídì kan lá báyìí, kó lè pẹ́ lẹ́nu mi. Ìdánwò ti kọjá, Awa yege, ó ń wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Kouassi lọ sílé láyọ̀. Mo pàdé Adjoua nígbà tó wá gba oògùn wọn, mo kí i, kò dá mi lóhùn. Mi ò dá a lẹ́bi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò fẹ́ dìde. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé àwọn ọjọ́ yẹn wà, kí o má rò pé ìwọ nìkan ni.

Èso ò ṣe nǹkan kan. Jẹ máńgòrò rẹ tí dókítà rẹ bá ní kí o jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èso tí èèyàn fi eyín jẹ, ikùn á sọ fún un pé ó tó. Agbọ̀n èso tí wọ́n lọ̀ sínú ṣíbí kan kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tí o bá ń mu, ìbáà ṣe èyí tí ìyá rẹ fún ọ, ìbáà ṣe èyí tí o fún ìyá rẹ, sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ. Bí o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, lọ tò sórí ìlà. Ìlà yẹn, gbogbo wa la jọ wà lórí rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìtọ̀ díẹ̀ ti tún ń wá. Màmá mú abọ́ pílásítíìkì kan láti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n fa ìlà sí i lára, wọ́n ń gbé e lọ sójú fèrèsé ní àràárọ̀ láti wò ó. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n rí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, èyí tí yóò sọ bóyá wọ́n lè yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ méjì ẹ̀rọ, tàbí bóyá báyìí náà ni títí láé. Nọ́ọ̀sì mú bíírò, ó fẹ́ kọ orúkọ sára ìgò. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ gbọọrọ, orúkọ mi àti ti bàbá mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e lọ.

Èsì ò tíì dé. Ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, tèmi ni.